Bí Ọlọ́pàá Bá Kànkùn Lóru: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọ̀wọ̀ Ilé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi ilé ṣe ibi ìsinmi fún ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kò ti inú ìwé nìkan wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ìjọra ló bí i. Ilé tí mò ń gbé jẹ́ irú èyí tí gbogbo ará Ìjọra, Badia àti Ajégúnlẹ̀ mọ̀ dáadáa: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ilẹ̀kùn àbáwọlé kan, balùwẹ̀ kan fún gbogbo wa. Ní òru ọjọ́ kan, kí ládàánì tó pe ìrun àsùbá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ọlọ́pàá ni!" Ìyàwó ilé kan tí yàrá rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ ló ṣí i. Ọkọ rẹ̀ wà níbi iṣẹ́ òru ní ebúté Àpápá. Ọkùnrin 4 wọlé, ẹnì kan péré ló wọ aṣọ ọlọ́pàá nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jí fóònù. Wọ́n dárúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa. Síbẹ̀ wọ́n wọ yàrá obìnrin náà, kò tilẹ̀ rí àyè fi ìborùn bo orí. Wọ́n yí ibùsùn dànù, wọ́n da ẹrù inú àpótí sílẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, owó àjọ tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kó sí i lọ́wọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ta ló mú un? Kò sí ẹni tó lè búra. Kò sí àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n mú, kò sì sí ẹlẹ́rìí. Obìnrin náà wá bá mi pẹ̀lú omijé lójú, ó ní: "Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo jẹ̀bi ni? Wọ́n ní ọlọ́pàá ni àwọn, mo sì ṣílẹ̀kùn." Títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ àjọ náà ṣì ń wò ó bí ẹni tó jẹ owó wọn.

Lẹ́yìn ìrun ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí di àríyànjiyàn láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní mọ́sáláásí. Àwọn kan ní, "Aláṣẹ ni wọ́n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ó ṣílẹ̀kùn, kí ó jókòó jẹ́ẹ́." Àwọn mìíràn ní, "Bí wọ́n bá tún padà wá, àdá la ó fi pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà." Mo sọ fún wọn pé méjèèjì ló ṣi ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀.

1. OHUN TÍ ÀLÙKÙRÁNÌ ÀTI HÁDÍÌSÌ KỌ́ WA NÍPA ILÉ

Nínú Súúrà Nuur, áyà 27 àti 28, Ọlọ́hun kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo láti wọ ilé tí kì í ṣe tiwọn láì kọ́kọ́ tọrọ àyè kí wọ́n sì sálámà sí àwọn ará ilé. Bí a kò bá bá ẹnì kankan níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ wọlé títí a ó fi gba ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá sì ní kí a padà, kí a padà láì bínú.

Ní áyà 58 Súúrà yìí kan náà, Ọlọ́hun dárúkọ ìgbà 3 tí àwọn ọmọdé àti ìránṣẹ́ inú ilé pàápàá gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kí wọ́n tó wọlé tọ àgbà: ṣáájú ìrun àsùbá, ní ọ̀sán nígbà tí ènìyàn bá bọ́ aṣọ sílẹ̀ láti sinmi, àti lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Ẹ kíyè sí i, ará mi. Bí ọmọ tí a bí nínú ilé kò bá gbọdọ̀ ṣàdédé wọlé ní àkókò wọ̀nyí, kí ni ká ti wí nípa àlejò tó di ìbọn mọ́ ọwọ́?

Bukhari àti Muslim gba hádíìsì wá láti ọ̀dọ̀ Sahl ọmọ Sa'd pé ọkùnrin kan yọjú wo inú ilé Ànábì láti ihò ara ilẹ̀kùn. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá a wí gidigidi, ó sì jẹ́ kó yé e pé torí ojú ni a ṣe pàṣẹ kí a máa tọrọ àyè. Nítorí náà, ìtìjú obìnrin tí a ká mọ́ láìbo orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ẹ̀sìn wa. Ìtìjú yẹn gan-an ni òfin yìí wá dáàbò bò.

2. UMAR TÓ GUN ÒGIRI

Ẹnì kan lè sọ pé àlejò lásán ni áyà yìí ń bá wí, pé kò kan ẹni tó wà lórí àṣẹ. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí, tí Ìmáàmù Ghazali mú wá nínú ìwé rẹ̀ Ihyā'. Wọ́n ní Umar ọmọ Khattab, nígbà tó jẹ́ olórí gbogbo mùsùlùmí, ń rìn káàkiri Medina lóru. Ó gbúròó ọkùnrin kan nínú ilé, ó gun ògiri wọlé, ó sì ká a mọ́ inú ẹ̀ṣẹ̀. Ọkùnrin náà dá a lóhùn pé bí òun bá ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, Umar ti ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: Ọlọ́hun ní kí a má ṣe tọpinpin ara wa, Umar sì tọpinpin, Ọlọ́hun ní kí a máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé, Umar sì gba orí ògiri, Ọlọ́hun ní kí a tọrọ àyè kí a sì sálámà, Umar kò ṣe é. Umar kò jiyàn. Ó fi ọkùnrin náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí onítọ̀hún ṣèlérí láti ronú pìwà dà.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹni tó wà lórí àṣẹ kò ga ju àṣẹ Ọlọ́hun lọ. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé ọkùnrin náà kò fa idà yọ. Ó sọ̀rọ̀, ó sì tọ́ka sí òfin.

3. OHUN TÍ ÒFIN ILẸ̀ WA SỌ

Àwọn ará wa kan rò pé ẹ̀sìn nìkan ló bọ̀wọ̀ fún ilé, pé ọlọ́pàá lè ṣe bó ti wù ú lábẹ́ òfin ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí gbogbo ọmọ ilẹ̀ yìí: ilé wọn, lẹ́tà wọn, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí fóònù. Lóòótọ́, abala 45 gbà kí a ṣe òfin tó lè dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò ìlú, ìlera ará ìlú, tàbí ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin ni yóò dín in kù. Agbára ọwọ́ ọlọ́pàá kọ́.

Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́, èyí tí à ń pè ní wáràǹtì. Ọlọ́pàá yóò lọ síwájú adájọ́ tàbí JP, yóò búra lórí ohun tó mú un fura, adájọ́ yóò sì fọwọ́ sí ìwé tó sọ ibi tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ́kọ́ ṣe òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ní ilẹ̀ wa, ní 2007. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015, òun ni wọ́n ń pè ní ACJA. Nínú ACJA, ẹlẹ́rìí 2 ló yẹ kó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi wáràǹtì yẹ ilé wò, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá sọ ohun mìíràn. Onílé lè mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá láti àdúgbò. Ó ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, bó bá sì béèrè, kí wọ́n fún un ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n kó. Ẹ má sì tan ara yín jẹ pé wọn kò lè wá lóru: ACJA gbà kí a lo wáràǹtì ní ọjọ́ yòówù àti ní wákàtí yòówù.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí yóò ya ọ̀pọ̀ yín lẹ́nu. Abala 12 òfin ACJA rántí àwọn ẹlẹ́hàá. Bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ mú bá sá wọ ibi tí obìnrin tí kì í jáde síta nítorí ẹ̀sìn tàbí àṣà ń gbé, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un pé ó lè kúrò níbẹ̀, kí ó sì fún un láyè tó tó láti kúrò, kí òun tó wọlé. Bó bá jẹ́ obìnrin ni ọlọ́pàá náà, kò di dandan kó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ àwọn òyìnbó tó kó òfin wọn wá fún wa náà ti la irú èyí kọjá. Ní London ní 1762, àwọn ìránṣẹ́ ìjọba ọba wọ ilé òǹkọ̀wé kan, John Entick, wọ́n sì kó ìwé rẹ̀ lọ. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mínísítà ọba ló fọwọ́ sí i. Ní 1765 adájọ́ àgbà Lord Camden dájọ́ pé kò sí òfin tó fún mínísítà náà ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ní 1765, àwa ti ní in nínú Súúrà Nuur láti ayé Ànábì.

4. ÌGBÀ TÍ WỌ́N LÈ WỌLÉ LÁÌSÍ WÁRÀǸTÌ

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ tán. Bí ọlọ́pàá bá ní ìdí tó dájú láti gbà pé ẹni tó yẹ kí òun mú sá wọ ilé rẹ, abala 12 yìí kan náà ní kí o jẹ́ kó wọlé bó bá béèrè. Bí o bá kọ̀, ó lè fi agbára wọlé. Èkejì, bí ìwọ fúnra rẹ bá ní "Ẹ wọlé", o ti yọ̀ǹda, ó sì ṣòro láti padà sọ pé wọ́n wọlé lọ́nà àìtọ́.

Ẹ̀kẹta, má ṣe rò pé ohun tí wọ́n bá rí nílé rẹ láìsí wáràǹtì di asán nílé-ẹjọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Musa Sadau ní 1968 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ pé bí a ṣe rí ẹ̀rí kọ́ ló ń sọ bóyá a ó gbà á. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 14, fún adájọ́ ní àyè láti wọ̀n ọ́n, kí ó gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó ohun àìtọ́ pamọ́ sílé, kí ó má fi ẹ̀kọ́ yìí ṣe ààbò. Muslim gba hádíìsì wá láti ọ̀dọ̀ Ali pé Ọlọ́hun ṣẹ́bi lé ẹni tó bá fún arúfin ní ibùgbé. Ọ̀wọ̀ ilé kì í ṣe ibi ìsápamọ́ fún olè.

5. ÌWÉ TÍ A KÒ KÀ KÒ YÀTỌ̀ SÍ ÌWÉ TÍ A KÒ RÍ

Ní ọjọ́ Jímọ̀, 29 oṣù kẹwàá 2021, àwọn ènìyàn kan tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lọ sí ilé Adájọ́ Mary Odili ní Maitama, Abuja. Ìyá náà wà lára àwọn adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé náà kọ́ ni ti ilé rẹ̀. Adájọ́ Májísíréètì tó fọwọ́ sí i wọ́gi lé e lọ́jọ́ kan náà, ó ní wọ́n ṣi òun lọ́nà. Nígbà tí ọlọ́pàá wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọlọ́pàá nínú wọn kì í ṣe ọlọ́pàá rárá.

Ará mi, bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní Maitama sí ẹni tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú òfin, ṣé Ìjọra ni kò ti ní lè ṣẹlẹ̀? Ìwé lásán kò tó. Ka orúkọ, ka àdírẹ́sì, ka ọjọ́, wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí o kò bá mọ̀wé kà, pe ẹni tó mọ̀ ọ́n kà nínú ilé. Ìdí kan nìyí tí a fi ń sọ fún yín pé kí ẹ má fi ilé ìwé ṣeré, ti kéwú àti ti òyìnbó.

6. ÈSÌ FÚN ÀWỌN ARÁKÙNRIN WA

Ìwọ tí o ní kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ máa wò ó níran: ọwọ́ ìyàwó ilé yẹn mọ́. Kí ni mímọ́ ọwọ́ ṣe fún un? Áyà 59 nínú Súúrà Nisaa' tó ní kí a tẹ̀lé àwọn aláṣẹ, àṣẹ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ló fi ṣáájú. Bíbéèrè ìwé tí òfin ìjọba fúnra rẹ̀ pèsè kì í sì í ṣe ọ̀tẹ̀ sí ìjọba.

Ìwọ tí o ní àdá: ìwọ ni yóò kú, tàbí ìwọ ni yóò pa ọmọ ẹlòmíràn tí wọ́n rán níṣẹ́. Dídí ọlọ́pàá lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀sùn lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ rẹ yóò wá di èyí tí o jẹ̀bi rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ibi ìjà. Ibi ìbéèrè àti ibi ẹlẹ́rìí ni. Bí ìjà yóò bá wà, ilé-ẹjọ́ ni ká ti jà á.

Òótọ́ ni pé ọ̀nà ilé-ẹjọ́ gùn. Ní 1 oṣù keje 2021, àwọn òṣìṣẹ́ DSS ya wọ ilé Sunday Igboho ní Ìbàdàn lóru, ènìyàn 2 kú. DSS ní àwọn ohun ìjà ni àwọn wá lọ, pé wọ́n sì yìnbọn sí àwọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní kí wọ́n san 20 bílíọ̀nù náírà fún un. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ yẹn. Ẹni tó bá ń lọ sílé-ẹjọ́, kí ó mú sùúrù àti ẹ̀rí dání. Èyí ni ìdí tí ẹlẹ́rìí fi ṣe pàtàkì láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

7. OHUN TÓ YẸ KÍ O ṢE

(1) Fi ohùn tútù dáhùn láti inú ilé: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ ń wá? Ẹ jẹ́ kí n rí káàdì ìdánimọ̀ yín àti ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́." Bọ̀wọ̀ fún wọn, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n, iṣẹ́ wọn kò sì rọrùn.

(2) Tan iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí o sì pe àwọn ará ilé síta. Kí àwọn obìnrin rí àyè bo ara wọn.

(3) Bí ìwé bá wà tó sì pé, jẹ́ kí wọ́n wọlé. Bí wọ́n bá ń lé ẹnì kan bọ̀, má dí wọn lọ́nà.

(4) Bí kò bá sí ìwé tí wọ́n sì fẹ́ fipá wọlé, sọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn gbọ́: "Èmi kò yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n n kò ní bá yín jà." Lẹ́yìn náà, yẹra lọ́nà. Ẹ̀mí ju ilẹ̀kùn lọ.

(5) Tẹ̀lé wọn láti yàrá dé yàrá pẹ̀lú ẹlẹ́rìí 2. Bí owó ẹlẹ́gbẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ, kà á lójú gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

(6) Béèrè àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá kó. Má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí o kò kà. Bí wọ́n bá mú ọ, ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala 35, fún ọ láyè láti dákẹ́ títí o ó fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí o bá yàn.

(7) Kí ilẹ̀ tó ṣú ọjọ́ náà, kọ ohun gbogbo sílẹ̀: aago, orúkọ, nọ́ńbà ara aṣọ wọn, nọ́ńbà mọ́tò. Gbé e lọ fún ọ̀gá wọn ní téṣàn. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council tàbí Office of the Public Defender ti ìpínlẹ̀ Èkó. Iṣẹ́ wọn ni láti ran aláìní lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin.

ÌPARÍ

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ. Ní òru ọjọ́ yẹn, èmi náà gbọ́ ariwo. Mo ti jí, mo ń ṣe àlùwàlá. Mo gbọ́ nígbà tí obìnrin náà ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi kò sí nílé." Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mo tì í pa. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní kéwú, tí mo ka Súúrà Nuur lórí, ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ilẹ̀kùn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ló wà ní títì bákan náà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo bá a lọ sí ìpàdé àjọ wọn láti jẹ́rìí. Ìyá àgbàlagbà kan bi mí pé, "Àfáà, ṣé ẹ rí wọn nígbà tí wọ́n mú owó náà?" Mo ní rárá o, mo gbọ́ ni. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọlọ́hun ní kí a dúró ṣinṣin gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí nítorí Tirẹ̀, kí a má sì fi ẹ̀rí pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí kò ní ẹ̀rí tí yóò jẹ́.

Ìpinnu tí a ṣe nínú ilé wa ni pé bí ẹnikẹ́ni bá tún kànkùn lóru, ọkùnrin 2 àti obìnrin 1 yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ má baà dá dúró. Orúkọ tèmi ló ṣáájú. Ẹ ṣe irú rẹ̀ nínú ilé tiyín kí oṣù yìí tó parí.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ilé wa, kí Ó bo àṣírí wa, kí Ó má sì jẹ́ kí a já ọmọnìkejì wa kulẹ̀ ní ọjọ́ tó nílò wa. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ìgbà 3 wo ni Súúrà Nuur, áyà 58, dárúkọ? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Ẹ̀ṣẹ̀ 3 wo ni ọkùnrin yẹn kà sí Umar lọ́rùn? Kí ni a kọ́ nínú ìwà àwọn méjèèjì?
3. Ìgbà wo ni ọlọ́pàá lè wọlé láìsí wáràǹtì?
4. Ta ni yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ilé tìrẹ? Kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Wàsàlámù aléékùm.